Ẹ́ńjìnnì Aláìlórúkọ Tó Gbé Mi Dé Ẹ̀pẹ́

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ẹ kò jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá jáde lọ ra iyọ̀, ẹnì kan á dá mi dúró: "Tíṣà, ṣé òótọ́ ni pé ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi?" Bí mo bá jókòó sí ìpàdé àwa òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, wọ́n á ní kí n dìde, kí n ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe ń jẹ ẹja lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ tí kò sì hu ìpẹ́ lára. Mo wá rò ó pé kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kà á, kí èmi náà lè ráyè ra iyọ̀ mi.

Ẹ̀yin ará Ṣakí tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí, ẹ sì mọ̀ pé ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ mọ́tò títúnṣe. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé obìnrin ni mí. Àwọn tí mo bá pàdé lọ́nà ti bá yín ṣe ìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́, Múdà, ló pè mí. Ó ti kúrò nídìí mọ́tò tipẹ́. Ilé ìfowópamọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó báyìí, Ìkòròdú ló sì ń gbé. Ó ní bàbá àgbà ìyàwó òun ní Ẹ̀pẹ́ ní ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan lágbàlá tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó jẹ́.

"Wọ́n fẹ́ wó ilé àtijọ́ náà, mà, kí wọ́n kọ́ tuntun," ó ní. "Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, ẹbí máa jókòó lé e lórí. Bí a kò bá rí ẹni tó lè sọ ohun tó jẹ́, àwọn tó ń ra irin àlòkù ló máa gbé e lọ."

"Kí ni àwọn tó ni ín ní ó jẹ́?"

"Bàbá ní ẹ́ńjìnnì mọ́tò bàbá àwọn ni. Àbúrò wọn obìnrin ní irọ́ ni, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ìyá òun ni. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń bá a bọ̀."

"Ìwọ tí mo kọ́ fún odindi ọdún mẹ́ta ńkọ́, kí lo ní ó jẹ́?"

"Èmi ní kí a pe ẹni tó kọ́ mi, mà."

Ìlú tí oòrùn kì í bá ènìyàn nílé

Ọ̀sán gangan ni mo dé Ìkòròdú, mo sì rò pé ogun ti kó ìlú náà lọ. Ẹ̀sítéètì tí Múdà ń gbé ní ilé bí ogójì, gbogbo wọn ní ọ̀dà tuntun àti géètì onírin, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹnì kan. Ajá méjì àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló kí mi káàbọ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà ní kí n kọ orúkọ mi sínú ìwé, kí n kọ ẹni tí mo wá rí àti ohun tí mo bá wá. Mo kọ "ẹ́ńjìnnì" síbẹ̀. Ó wo ìwé náà, ó wo àpò ọwọ́ mi. "Mà, ṣé inú àpò yẹn ló wà?"

Àṣé iṣẹ́ ni gbogbo ará ibẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti wà lọ́nà Èkó. Oòrùn á sì ti wọ̀ kí wọ́n tó padà. Nínú ọjọ́ mẹ́ta tí mo lò níbẹ̀, ẹ̀yìn Múdà ni mo rí ju ojú rẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí aládùúgbò wọn kan tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí i bí a ṣe ń kí ara wa nílé: ẹ kú àárọ̀, ṣé dáadáa lẹ jí, ará ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Kí n tó dé orí àwọn ọmọ, ó ti yọ sí títì. Ó dùn mí díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Arákùnrin yẹn ni, ó gbé ọ̀pẹ̀yìnbó kan dání, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Ará ilé wà dáadáa. Àwọn ọmọ náà wà dáadáa."

Ó ti gbé ìdáhùn náà lọ sí Èkó, ó sì gbé e padà wá. Mo wá mọ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ ọ́n kí. Ìkíni wọn kàn máa ń pẹ́ lọ́nà ni.

Ìpakodò

Ṣẹ̀rífá, ìyàwó Múdà, gba ààyè níbi iṣẹ́ láti mú mi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo ti rò pé mọ́tò la máa wọ̀. Ó ní ọ̀nà Ìtòkín kò dára lásìkò yìí, pé kí a kúkú gba orí omi. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní kí a gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kúkú mọ ibi tí èmi àti omi bá ara wa mọ̀ dé: omi kànga, omi ìkòkò, àti omi odò tí ènìyàn lè ká aṣọ sókè là kọjá. Ọ̀sà tí mo rí ní Ìpakodò, èbúté Ìkòròdú, kò ní òdìkejì. Mo wá a títí.

Awakọ̀ tó máa gbé wa ń jẹ́ Sáídì, ọkùnrin bí ẹni àádọ́ta ọdún, mọ̀lẹ́bí Ṣẹ̀rífá ni. Ó fi jákẹ́ẹ̀tì tó ń léfòó wọ̀ mí, ó fa okùn rẹ̀ títí mo fi dà bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ewé.

Mo bi í pé, "Sáídì, ṣé o mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa?"

"Rárá o, Màmá. Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀."

"Kí lo wá ń ṣe lórí omi?"

"Ọkọ̀ ni mo mọ̀ ọ́n wà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wẹ̀ kì í fara balẹ̀ wakọ̀. Èmi mọ̀ pé bó bá dojú dé, mo gbé."

Ọ̀rọ̀ náà ní ọgbọ́n nínú, mo sì wọlé. Ẹ̀yìn ni mo yàn láti jókòó, lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, torí mo rò ó pé bí mo bá máa kú, kí n kú sítòsí ohun tí mo mọ̀.

Nígbà tí a dé ọ̀gangan Ìbéṣe, tí àwọn apẹja ń fa àwọ̀n wọn tí wọ́n sì ń juwọ́ sí wa, mo rí i pé omi ń tú jáde lára ẹ́ńjìnnì náà bí ọmọdé tó ń tọ̀.

"Sáídì, ẹ́ńjìnnì rẹ ń jò."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò jò, Màmá. Omi ọ̀sà ló ń fà mu kí ara rẹ̀ lè tutù, èyí tó ti gbóná ló ń tọ̀ dànù. Ọjọ́ tí kò bá tọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe."

Gbogbo ohun tí mo ti fi kọ́ ọmọ láyé mi, omi inú rédíétọ̀ ni: omi tó mọ́, tí a bu sínú mọ́tò tí a sì dé mọ́ ibẹ̀. Èyí ń mu ẹrẹ̀, ó ń mu iyọ̀, ó ń mu ohunkóhun tó bá ń gbénú ọ̀sà. Ìbéèrè ni mo ń bi Sáídì títí ẹ̀rù fi kúrò lára mi. Nígbà tí mo tún gbójú sókè, a ti ń wọ Ẹ̀pẹ́.

Àlejò lọ́dọ̀ àlejò

Kí n tó rí Ẹ̀pẹ́ ni mo ti gbóòórùn rẹ̀. Èéfín ẹja ló kọ́kọ́ wá pàdé wa lórí omi, lẹ́yìn náà ni ariwo ọjà, lẹ́yìn náà ni àwọn orí páànù. Ní etí omi, ìyá kan tó ń to ẹja àrọ̀ sínú abọ́ bi mí léèrè ulé tí mo ń lọ. Ó di ẹ̀ẹ̀kejì kí n tó mọ̀ pé "ilé" ló ń wí. Mo dá a lóhùn lédè Òkè-Ògùn tiwa, òun náà sì ní kí n tún un sọ. A wo ara wa, a rẹ́rìn-ín, ó sì fún mi ní edé gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan, èyí tí kò nílò ògbifọ̀.

"Ìjẹ̀bú ni àwọn yẹn ń sọ, mà," Ṣẹ̀rífá ní. "Àwa kì í ṣe Ìjẹ̀bú. Ọmọ Èkó ni wá, a kàn ń gbé Ẹ̀pẹ́ ni."

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń gbé e?"

"Láti ayé bàbá tó bí bàbá tó bí bàbá Bàbá. Ogun ìdílé ọba ló lé wọn kúrò l'Ékòó."

Wọ́n ti sin òkú ìran mélòó kan síbẹ̀, wọ́n ti kọ́ mọ́ṣáláṣí síbẹ̀, síbẹ̀ àlejò ṣì ni wọ́n. Ara tù mí. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ náà rí i pé kò sí ohun tó ń kán mi lójú.

Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, fìlà funfun lórí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ẹ káàbọ̀," wọ́n ní. "Níbo ni mẹkáníìkì náà wà?"

"Àwọn nìyí, Bàbá," Ṣẹ̀rífá ní.

Bàbá wo ẹ̀yìn mi. Wọ́n wo ẹ̀yìn Ṣẹ̀rífá náà. "Mo ní mẹkáníìkì."

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa. Ìyá mi náà máa ń tún àtùpà ṣe," wọ́n ní, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé àga wá fún mi.

Wọ́n wá sọ ìtàn wọn. Wọ́n ní ọmọ bí ọdún márùn-ún ni àwọn nígbà tí bàbá àwọn gbé àwọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú mọ́tò, àga aláwọ, iná idẹ méjì níwájú, tí gbogbo àdúgbò ń sáré tẹ̀ lé wọn. Kò pẹ́ sígbà náà tí bàbá náà fi kú. Wọ́n fi Bàbá ránṣẹ́ sí ilé kéwú ní Ìlọrin, wọ́n sì ti bàlágà kí wọ́n tó padà dé. Mọ́tò kò sí mọ́ nígbà náà. Ìyá wọn ní àwọn ti tà á fún olówó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ́ńjìnnì nìkan ló kù.

"Wọ́n ta ara rẹ̀, wọ́n fi ọkàn rẹ̀ sílẹ̀," Bàbá ní.

Nínú ọgbọ̀n ọdún tí mo fi wà nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí ẹni tó ra mọ́tò tó ní kí wọ́n bá òun yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò kì í fi ọjọ́ àkọ́kọ́ já irọ́.

"Kò sí fọ́tò, kò sí ìwé," Bàbá tún ní. "Gbogbo àwọn tó rí i ti kú. Àlájì Onímọ́tò ni wọ́n ń pè mí nílùú yìí, kì í ṣe pé mo ní mọ́tò. Wọ́n fi ń bú mi ni. Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó lọ bóyá ojú mi ló rí i àbí àlá ni mo lá."

Àwọn ẹlẹ́rìí méjì

Ẹ̀yìnkùlé ni ẹ́ńjìnnì náà wà, lábẹ́ páànù kan tó ti dípẹtà. Adìyẹ kan sàba lé e lórí. Ṣẹ̀rífá ní kí n má dá a lóhùn, kí n lé e. Mo ní rárá, ẹni tó bá bá ènìyàn nílé máa ń kí i. A dúró títí adìyẹ fi dìde fúnra rẹ̀ lọ jẹun, a kó ẹyin rẹ̀ sínú agbọ̀n, mo sì ká aṣọ mi sókè.

Epo dúdú àti erùpẹ̀ ti gan mọ́ ọn lára bí àṣáró tó jóná. Mo ń ha, Bàbá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń ṣọ́ ọwọ́ mi. Kò pẹ́ tí ìyá kan jáde láti ilé tó wà lódìkejì àgbàlá, ìbòrùn lórí, ọ̀pá lọ́wọ́. Àlájà nìyẹn, àbúrò Bàbá. Ọbàkan ni wọ́n; ìyá Bàbá ni ìyálé, ìyá Àlájà ni ìyàwó. Ọmọ ọwọ́ ni Àlájà nígbà tí bàbá wọn kú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà," Àlájà ní. "Ṣé wọ́n ti sọ ti mọ́tò fún yín? Èmi ò rí mọ́tò kankan. Ọkọ̀ ìyá mi ni mo mọ̀. Bó bá ń ti Èkó bọ̀, bí a bá ti ń gbọ́ ọ lókèèrè la máa ń sáré lọ etí omi. Tuntun ni ìyá mi ra ẹ́ńjìnnì yìí l'Ékòó. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ fún mi."

Bí mo ṣe ń ha lọ, lẹ́tà mẹ́ta yọ lára irin náà. Àwọn tó ṣáájú wọn ti jẹrà. Ṣẹ̀rífá tẹ̀ ba, ó kà á: "L, O, W. Òyìnbó ni. Ìsàlẹ̀ ló túmọ̀ sí."

"Ìsàlẹ̀ omi," Àlájà ní. "Ó ti jẹ́wọ́."

"Ìsàlẹ̀ Èkó," Bàbá dáhùn láìgbójú sókè, "níbi tí bàbá wa ti rà á."

Kí ilẹ̀ tó ṣú ni mo ti mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì náà ti dàgbà ju ẹnikẹ́ni nínú ilé náà lọ. Méjì méjì ni wọ́n da àwọn sílíńdà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, orí wọn kò ṣeé ṣí, idẹ ni wọ́n fi dé wọn bí ìgò. Inú ìwé nìkan ni mo ti rí irú rẹ̀. Ó ní apá irin mẹ́rin tó nà jáde lára rẹ̀. Àwọn méjì iwájú gùn bí apá ẹni tó fẹ́ dì mọ́ ènìyàn, àwọn méjì ẹ̀yìn kúrú. Mo ṣàlàyé fún Bàbá pé irú apá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi máa ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ sáàárín igi irin méjì tó gbé mọ́tò dúró.

"Nítorí náà, mọ́tò ni," Bàbá ní.

"Ó jọ ọ́, sà."

Mi ò tíì fọwọ́ tán tí oúnjẹ fi dé láti ilé Bàbá. Ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fi ewùrà sè ni, ó ń gbóná, ẹja sì kún inú rẹ̀. Mo jókòó tì í, mò ń retí ọbẹ̀. Ṣẹ̀rífá ní ọbẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fura sí i, bí ẹni tí wọ́n ní iyán àti ọbẹ̀ di ìkan náà. Nígbà tí mo tọ́ ọ wò, mo bu òmíràn.

Ní ọjọ́ kejì, mo ṣí ọ̀nà tí omi ń gbà nínú ẹ́ńjìnnì náà, mo ti wáyà bọ̀ ọ́. Iyọ̀ gbígbẹ funfun bí ẹfun ló ń jábọ́. Mo tún ti wáyà náà, ohun kékeré kan yí bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ìkarahun ìṣáwùrú ni, kò ju ẹyọ àgbàdo lọ. Ọ̀rọ̀ Sáídì wá sọ́kàn mi kíá.

Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Bóyá òjò ló gbé e wọlé."

"Ẹ̀gbọ́n mi," Àlájà ní jẹ́jẹ́, "òjò kì í rọ ìṣáwùrú."

Mo ní láti sọ òótọ́. Mo ní kò sí mọ́tò tó ń mu omi ọ̀sà. Àlájà wọlé lọ, nígbà tó sì ṣe, odidi ẹja ọ̀bọ̀kún dé nínú ọbẹ̀ ata, ó tóbi débi pé ìrù rẹ̀ yọ sẹ́yìn abọ́. Mi ò tíì jẹ ẹ́ tán tí ilé Bàbá fi gbé ọ̀jọ̀jọ̀ wá. Ilé Àlájà fi akàn dá wọn lóhùn. Mo gbé iṣẹ́ wá sí Ẹ̀pẹ́; àwọn ẹlẹ́rìí ń fi oúnjẹ bá adájọ́ sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ fún yín pé mo kọ̀ ọ́ nítorí òdodo. Mo jẹ gbogbo rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n bá mi kí alásè.

Ìwé láti òkèèrè

Múdà ti fi fọ́tò ẹ́ńjìnnì náà ránṣẹ́ lórí fóònù sí àwọn òyìnbó kan tó fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́. Bàbá òyìnbó kan fèsì pé kí a wọn ẹnu sílíńdà, kí a wọn ibi tí písítìn ń rìn dé, kí a sì wọn àárín ihò bóòtì orí apá iwájú. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá di rúlà mú ní òpin kan, Àlájà sì gbé tọ́ọ̀ṣì dání. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ìdáhùn dé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ṣẹ̀rífá kà á sí èdè wa fún wọn. Bàbá òyìnbó náà ní Ardlow ni orúkọ tó wà lára rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni, ó ti kógbá sílé tipẹ́tipẹ́. Ó ṣe mọ́tò fún ọdún díẹ̀, kò sì fìgbà kan ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Ó fi àwòrán mọ́tò náà ránṣẹ́: àga aláwọ, iná méjì níwájú. Ní ìparí ìwé rẹ̀, ó béèrè bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀: "Ta ló gé apá ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì?"

Bàbá gba fóònù náà, wọ́n gbé e sún mọ́jú. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìka kan iná ọwọ́ òsì nínú àwòrán náà, wọ́n ní, "Èyí yìí máa ń mì." Omi ń bọ́ lójú wọn.

Àlájà dìde, wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n rọra lọ sílé wọn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn kò gbé oúnjẹ wá. Ìyẹn dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ, kì í sì í ṣe nítorí ẹja.

Mi ò lè fi í síbẹ̀. Ìṣáwùrú náà kò kúrò lọ́kàn mi, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè òyìnbó yẹn. Ní àárọ̀ Jímọ́ọ̀, mo padà sẹ́yìnkùlé, mo bẹ adìyẹ, mo sì kọjú sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì náà tí mi ò tíì fọ̀ mọ́. Kùkùté apá méjèèjì tí wọ́n gé wà níbẹ̀. Ayùn irin ni wọ́n fi gé e, wọ́n sì lu ihò tuntun sí ìdí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dè é mọ́ pákó. Lára àgbá tó ń yí lẹ́yìn, wọ́n ti so irin róbótó kan mọ́ ọn láti fi gbá ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ ojú omi mú. Mo fi ọwọ́ pa á. Ilé-iṣẹ́ kọ́ ló ṣe é. Ojú òòlù wà lára rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí òjò kán sórí iyanrìn. Ilé àgbẹ̀dẹ ni wọ́n tọ́ mi sí. Mo mọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bí ẹ ṣe mọ ìwé tí ẹ fọwọ́ kọ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀

Ẹbí kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí dé àgbàlá. Bàbá jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún, Àlájà sí ọwọ́ òsì. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Bàbá, mọ́tò ni wọ́n ṣe é fún, bàbá yín ló sì ni mọ́tò náà. Ojú yín kò parọ́. Àlájà, lẹ́yìn náà, ẹnì kan gé apá rẹ̀, alágbẹ̀dẹ kan rọ irin sí i nídìí, ó sì wọ inú ọkọ̀ ojú omi. Ó pẹ́ níbẹ̀ títí ìṣáwùrú fi kọ́lé sínú rẹ̀. Etí yín náà kò parọ́. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni."

"Ìyá mi ní wọ́n tà á ni," Bàbá ní.

"Ìyá mi ní tuntun ni òun rà," Àlájà ní.

"Mi ò lè fẹnu kan àwọn ìyá yín," mo ní. "Ohun tí irin sọ fún mi ni mo sọ."

Bàbá yíjú sí àbúrò wọn. Ojú wọn ti pọ́n. "Ìyàwó tú mọ́tò ọkọ rẹ̀ ká, wọ́n sì fi pa mọ́ fún ìyálé?"

Ohùn Àlájà ti yàtọ̀ nígbà tí wọ́n dáhùn. "Ta ló fi pa mọ́ fún ta? Ìyá yín ló ń jókòó síwájú ọkọ̀ náà."

"Ìyá mi?"

"Àwọn ló ń jókòó síwájú, ìyá mi ló ń wa ọkọ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ ń gbé ẹja lọ sí Èkó lọ́jọ́ ọjà. Ẹ ò sí nílé, ẹ ò lè mọ̀. Bí wọ́n bá ń di ẹja, wọ́n á kọ́kọ́ yọ èyí tó dára jù sínú agbọ̀n kan lọ́tọ̀. Wọ́n á ní ti Ìlọrin nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ọmọdé ni mí, mo rò pé orúkọ oníbàárà wọn kan ni Ìlọrin."

Bàbá tẹjú mọ́lẹ̀. "Agbọ̀n ẹja máa ń dé sí wa ní ilé kéwú," wọ́n ní. "Alùfáà wa máa ń jẹ orí. Èmi ni mo máa ń jẹ ìyókù. Ọdún méje ni mo fi jẹ ẹ́, mi ò bi ara mi rí pé ta ló ń gbé e dé Èkó."

Ìdí tí àwọn ìyá méjèèjì fi sọ ohun tí wọ́n sọ, kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́. Bóyá ojú tì wọ́n pé àwọn tú mọ́tò òkú ká. Bóyá wọn kò fẹ́ kí ọmọ tó wà lókèèrè mọ̀ pé nǹkan le nílé. Ẹnì kan láàárín ẹbí béèrè pé ṣé kí àwọn wá pe àwọn onírin àlòkù. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn, ó sì bá ara rẹ̀ jókòó.

Bàbá ní, "Sìkírá." Ṣẹ̀rífá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò gbọ́ kí wọ́n fi orúkọ yẹn pe Àlájà rí. "Báwo ni ọkọ̀ náà ṣe máa ń dún?"

"Kí àwọn ọmọ wọ̀nyí lè fi mí rẹ́rìn-ín?"

"Àlájì Onímọ́tò ni wọ́n ń pè mí láti ìgbà èwe mi. Wọ́n kàn máa rí ẹlòmíràn kún mi ni."

Àlájà tún ìbòrùn wọn ṣe. Wọ́n dijú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ohùn, bí ohun tó ń bọ̀ láti òkèèrè: "Tùkù-tùkù-tùkù, hẹ̀ẹ̀. Tùkù-tùkù-tùkù, hẹ̀ẹ̀." Ìgbà mẹ́ta ló máa ń lù, ó sì máa ń mí sínú lẹ́ẹ̀kẹrin. Ẹ̀rín ti gba ẹnu àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n èmi kò rẹ́rìn-ín. Nínú sílíńdà mẹ́rin, ọ̀kan kò jó. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún kejì nìyẹn.

Bàbá ti gbé orí sókè. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n ń fi ìka lu apá àga. Nígbà tí Àlájà dákẹ́ láti mí, Bàbá mú un níbi tí wọ́n ti fi í sílẹ̀, pẹ̀lú ohùn tó kéré bíi ti ọmọ ọdún márùn-ún: "Tùkù-tùkù-tùkù, hẹ̀ẹ̀."

"Ta ló sọ fún yín pé ó máa ń fo ọ̀kan?" Àlájà bi wọ́n.

"Mo jókòó tì í nínú mọ́tò," Bàbá ní.